Ẹ̀rí-Ọkàn Ọjọ́ Sátidé

Ilé-ìwé ọkùnrin ti àwọn Àgùdà ni mo fi ọmọ mi sí ní Niamey. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn Àgùdà. Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, àwọn Onítẹ̀bọmi ni yóò sì sin mí. Ohun tí mo ń wá ni odi tó ga, omi ẹ̀rọ tó mọ́, àti olùkọ́ tí kò ní fi kíláàsì sílẹ̀ lọ dúnàá-dúrà lọ́jà. Mo wo ilé ìgbẹ́ wọn kí n tó gbà. Ó mọ́. Mo ní ó dáa.

Àwọn ológun ló ń ṣèjọba nígbà náà, owó yuréníọ̀mù, àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ wọn, sì ti wọ ìlú. Ilé alájà púpọ̀ ń yọ níbi tí wọ́n ti ń gbin jéró tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ tuntun ń sáré lórí ọ̀dà tuntun, ṣùgbọ́n ohùn àwọn èèyàn ń lọ sílẹ̀ sí i. Ọkọ mi wà ní Arlit nínú aṣálẹ̀, ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù níbi tí wọ́n ti ń wa yuréníọ̀mù náà. Èmi ń ránṣọ ní àdúgbò Yantala, mo sì ń ṣọ́ ọmọ wa kan ṣoṣo. Mo mọ ìgbà tó yẹ kó tilé-ìwé dé. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ẹ ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

Òyìnbó Faransé ni Fadá tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé náà. “Mon père” ni àwọn ọmọ ń pè é, ìyẹn “bàbá mi”. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Ọmọ mi ní bàbá.

Ohun tí Fadá fi ń yangàn jù ni ohun tó ń pè ní àyẹ̀wò ẹ̀rí-ọkàn. Ní ọ̀sán Sátidé, kí wọ́n tó jáde, á wọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan, á ní kí àwọn ọmọ gbórí lé tábìlì, kí wọ́n dijú. Á wá máa béèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́: ta ló purọ́ lọ́sẹ̀ yìí? Ta ló mú ohun olóhun? Ẹni tó bá kàn á gbé ọwọ́ sókè láìsọ̀rọ̀, á sì sọ ọ́ kalẹ̀. Kò sí ìbáwí, kò sí ìbéèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n Fadá ní èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọ, pé kò sẹ́ni tí kò ní ẹ̀rí-ọkàn. Ó ṣàlàyé rẹ̀ níbi ìpàdé òbí pẹ̀lú ojú ẹni tó fẹ́ sunkún. Ó ní, “Ọlọ́run nìkan ló ń wò wọ́n lásìkò yẹn.” A pàtẹ́wọ́ fún un.

Àwòrán olórí ìjọba ológun sì wà nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi gíláàsì bò ó, wọ́n gbé e kọ́ sókè pátákó ìkọ̀wé. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí wọ́n jáde eré, ọmọ kan gun àga, ó fi ṣọ́ọ̀kì ya irùngbọ̀n òbúkọ sí i lórí gíláàsì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ikùn mú. Ohun tí ìka kan lè nù kúrò ni. Ṣùgbọ́n kó tó di pé ẹnì kan nù ún, ọkùnrin kan tí ìjọba rán wá bẹ ilé-ìwé wò ti wọlé, ó sì bá olórí ìlú pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ náà, ọmọ mi kò dé lásìkò. Mo ti rìn dé ìkóríta, mo ti padà, mo tún ti lọ, kí n tó rí i tó ń bọ̀. Kò farapa. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, mo wo orí rẹ̀.

Mo ní, “Níbo lo wà?”

“Ọ́fíìsì Fadá ni, Màmá.”

“Kí lo ṣe?”

“Mi ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ní ká dijú. Fadá ní kí ẹni tó bá mọ ẹni tó ya irùngbọ̀n gbé ọwọ́ sókè, pé Ọlọ́run nìkan ló ń wò wá. Mo gbé ọwọ́ sókè.”

“Kí ló dé?”

“Torí mo mọ̀ ọ́n.”

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé omi tutù. Nígbà tí àyẹ̀wò parí, Fadá ní kí àwọn yòókù máa lọ, ó sì mú ọmọ mi nìkan lọ sí ọ́fíìsì. Ó hàn gbangba pé Fadá ti ka ara rẹ̀ mọ́ Ọlọ́run lọ́jọ́ náà, torí ojú tirẹ̀ là sílẹ̀ kedere.

Mo bi í pé, “Ṣé o dárúkọ ọmọ náà?”

“Rárá. Wọ́n bi wá bóyá a mọ̀, mo dáhùn. Wọn ò sọ pé a máa dárúkọ. Ní ọ́fíìsì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ìyẹn, mo sì ní mi ò ní sọ.”

“Ta ni, ọmọ mi?”

Ó wo ilẹ̀. “Màmá, tí mo bá sọ fún yín, ẹ máa lọ sọ fún wọn.”

Kò purọ́ mọ́ mi. Ǹ bá ti lọ lójú ẹsẹ̀, láìbọ́ téèpù lọ́rùn. Fadá ti fún un di Mọ́ńdè: kó dárúkọ, tàbí kó má padà sílé-ìwé.

Mo ré ọ̀nà kọjá lọ bá Alhaji, ará Ọ̀yọ́ tó ń ta aṣọ, tí ọmọ tirẹ̀ wà ní kíláàsì kan náà. Mo bi í pé kí ni ọmọ rẹ̀ ṣe nígbà tí Fadá béèrè. Alhaji rẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ ń mì.

“Ọmọ tèmi ní wọ́n ṣáà ní kí àwọn dijú. Ó ní bí òun ṣe dijú báyìí ni oorun gbé òun lọ.”

“Àwọn yòókù ńkọ́?”

“Á jẹ́ pé oorun gbé gbogbo wọn ni o, Ìyá. Tìẹ nìkan ló sùn dáadáa lálẹ́ àná.”

Kíláàsì kan odindi, gbogbo wọn ló rí irùngbọ̀n náà, ọwọ́ kan ló sì gbéra. Bí àyẹ̀wò ẹ̀rí-ọkàn tí Fadá ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá ṣe so èso tó nìyẹn. Ó sì ká èso kan náà, ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì.

Ní Sọ́ńdè, àwa Yorùbá onígbàgbọ́ pàdé ní pálọ̀ bàbá ìjọ wa ní àdúgbò Zongo, bí a ti máa ń ṣe. Bàbá yìí ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù. Ó gbé àwòrán olórí ológun kọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, èyí tó tóbi ju ti ilé-ìwé lọ dáadáa, ó sì máa ń fi aṣọ nù ún nígbàkígbà tí ọlọ́pàá bá ń kọjá. Dáníẹ́lì nínú ihò kìnnìún ló fi wàásù lọ́jọ́ náà. Ó kígbe, ó làágùn, ó gbá tábìlì. Ó ní ẹni tó bá dúró lórí òtítọ́, ẹnu kìnnìún á pa dé. Nígbà tí a ṣe àmín tán, mo gbé ọ̀rọ̀ ọmọ mi kalẹ̀.

Òógùn ìwàásù kò tíì gbẹ lójú bàbá ìjọ tó fi sún mọ́ mi. “Arábìnrin, ẹ rọra. Ẹ jẹ́ kó dárúkọ ẹnì kan.”

“Kò fẹ́ dárúkọ ẹni tó ṣe é, sà.”

“Mi ò sọ pé ẹni tó ṣe é. Mo ní ẹnì kan. Ṣé kò sí ọmọ Kútọnu kankan ní kíláàsì yẹn ni?”

Mo wò ó bóyá ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà. Ìyàwó rẹ̀ ń gbé ife kiri, ó dá sí i: “Àjèjì ni wá níbí o. Tí wọ́n bá gba ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ẹnì kan nínú wa, gbogbo wa ló kàn. Ẹ bá ọmọ yín wí.”

Gbogbo pálọ̀ mi orí. Àwọn kan náà tó ń kígbe “Halelúyà” fún Dáníẹ́lì. Bí Dáníẹ́lì bá jẹ́ ọmọ ìjọ wa ní Niamey, à bá ti wá ọmọ Kútọnu kan fún àwọn kìnnìún náà, à bá sì jẹun ọ̀sán ní àlàáfíà.

Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé ẹ̀rù kò bà mí. Mo ronú lórí ìwé ìgbélùú. Mo ronú lórí Arlit. Mo ronú lórí àwọn tó ti sọ̀rọ̀ kan níbi tí wọ́n ti ń mu tíì, tí a kò rí wọn mọ́. Mi ò sì rí ilé-ìwé mìíràn tí odi rẹ̀ ga.

Ní Mọ́ńdè mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ síbi ìgbéyàwó, mo mú ọmọ mi dání. Fadá fún mi ní àga, ó fi ọmọ sílẹ̀ ní ìdúró. Faransé tí mo gbọ́ kò ju ti iṣẹ́ mi lọ: ìbú, gígùn, iye, ọjọ́ tí wọ́n máa wá gbà á. Kò tó fún ọ̀rọ̀ tó ń yí kiri. Ọmọ mi ló ní láti túmọ̀ ẹjọ́ ara rẹ̀. Ó dúró láàárín wa, ó ń túmọ̀ rẹ̀ láìfi nǹkan kan sílẹ̀.

“Ó ní ọmọ dáadáa ni mí, ṣùgbọ́n mo lágídí. Ó ní bí ẹ̀yin àjèjì ṣe máa ń ṣe nìyẹn.”

“Ó sọ bẹ́ẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ló sọ, Màmá.”

Fadá tún sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ojú ọmọ mi yí padà. “Ó ní òun ti mọ ẹni tó ṣe é báyìí.”

“Bí ó bá mọ̀ ọ́n, kí ló ń da ọ́ láàmú sí? Bi í.”

Ó bi í. Fadá wo ojú fèrèsé kó tó fèsì.

“Ó ní bàbá ọmọ náà kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Ó ní àwọn tó rán ọkùnrin ọjọ́sí ń retí ẹnì kan. Ó ní tí mo bá lè gbà pé èmi ni, kí n lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ á parí. Kò ní lé mi.”

“Ṣé ó máa kọ orúkọ rẹ ránṣẹ́ sí wọn?”

“Ó ní dandan ni.”

Mo to ó pọ̀ lọ́kàn. Ọmọ àjèjì, tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fi olórí ìlú ṣe yẹ̀yẹ́, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé lọ́wọ́ àwọn ológun, tí bàbá rẹ̀ sì ń wakọ̀ níbi tí owó ìlú ti ń wá. Mo fojú inú rí ọkọ mi lórí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí ẹnubodè, kì í ṣe òun ló sì ń wà á.

Mo ní, “Sọ fún un pé mo ní rárá.”

“Ma mère dit non.” Ọmọ mi kò fi kún un, kò sì bẹ̀bẹ̀.

Fadá mí kanlẹ̀. Ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ojú rẹ̀ sì tún rí bó ṣe rí níbi ìpàdé òbí, bíi pé omijé ń bọ̀. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Mo gbọ́ orúkọ Jésù níbẹ̀ fúnra mi.

“Ó ní Jésù náà ru ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá, nítorí àwọn ẹlòmíràn. Ó ní ẹbọ kékeré ni èyí, fún ire gbogbo ilé-ìwé. Ó ní onígbàgbọ́ ni yín, ó yẹ kó yé yín.”

Ó yé mi. Wọ́n kọ́ mi ní Bíbélì ní ilé-ìwé girama, olùkọ́ wa kì í sì í gbà ká fi ọ̀rọ̀ kan sí ipò ọ̀rọ̀ mìíràn.

“Sọ fún un pé Jésù gba ìyà ẹ̀ṣẹ̀ náà. Jésù kò sọ pé òun ló dá a.”

Ọmọ mi wò mí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Fadá, ó sì túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Fadá gbé gègé, ó tún gbé e kalẹ̀, etí rẹ̀ pọ́n. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa.

“Ó ní kò sí àyè fún mi níbí mọ́.”

“Kó fún wa ní ìwé tí a máa mú lọ sí ibòmíràn.”

Kíá ni ó kọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju bí ó ṣe yẹ lọ, bíi ti ẹni tó fẹ́ kí àlejò lọ kí ẹlòmíràn tó wọlé. Ó lu òǹtẹ̀, ó nawọ́ rẹ̀ sí mi, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò kọ agídí síbẹ̀, kò kọ irùngbọ̀n síbẹ̀. Ó kọ iṣẹ́ rẹ̀: ó dára. Ó kọ ìwà rẹ̀: ó dára lọ́pọ̀lọpọ̀.

Nígbà tí a jáde, ọmọ mi kà á lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ òòrùn. “Màmá, ṣé a lè lò ó? Fadá kò gba ohun tó kọ yìí gbọ́.”

“Ohun tó kọ jẹ́ òótọ́,” ni mo sọ. “Bí òun kò bá gbà á gbọ́, ìyẹn wà láàárín òun àti ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀. Kó dúró di Sátidé.”

Ilé-ìwé ìjọba kan ní Harobanda ni a lọ. A wọ takisí kọjá afárá, mo sì di apá aṣọ ọmọ mi mú títí a fi dé òdì kejì, bíi pé odò lè wá mú un nínú ọkọ̀. Odi ilé-ìwé náà kò ga dé àyà mi. Mo wo ilé ìgbẹ́ wọn, mo yára jáde.

Akọ̀wé wọn, ọkùnrin ẹ̀yà Zarma kan tó ti dàgbà, tó ń jẹ obì, ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀. Ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè, ó wo ọmọ, ó sì wò mí. Faransé rẹ̀ rọra ń bọ̀, mo gbọ́ ọ láìsí ògbifọ̀.

Ó ní, “Madame, iṣẹ́ rẹ̀ dára, ìwà rẹ̀ dára lọ́pọ̀lọpọ̀. Kí ló dé tí àwọn Fadá fi jẹ́ kó lọ?”

Mo mọ̀ pé ọmọ mi ń wo ẹnu mi. Mo wá Faransé tó tọ́, mo sì rí i.

Mo ní, “Torí ìyẹn náà ni.”

Ọkùnrin náà da obì rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Ó fa àga kan jáde fún ọmọ mi kó jókòó, ó sì wá òǹtẹ̀ rẹ̀.