Kòtò Wa, Kànga Alhaja

Mo rántí bí òkè Ìdànrè ṣe máa ń dún nígbà tí òjò bá ń lù ú. Òkúta kì í mu omi, nítorí náà gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀ á yọ̀ wálẹ̀, á la oko kòkó wa ní Aládé kọjá, á forí lé odò Owena láìkí ẹnikẹ́ni. Màmá, ìyá ọkọ mi, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Omi tí èèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀." Omi á sì máa ṣàn kọjá níṣojú wa. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, kànga wa á gbẹ, ọmọ kòkó tí Màmá gbìn sínú ọ̀rá á rọ, á kú. Màmá ní bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn, àwọn á ta ilẹ̀ náà.

Ìyàwó tuntun tó kàwé ni mí nígbà náà, ẹ sì mọ bí ìmọ̀ ṣe máa ń yọ ẹni tuntun lẹ́nu. Mo ti gbọ́ níbi ìpàdé àgbẹ̀ kan pé béèyàn bá gbẹ́ kòtò dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, omi òjò á jókòó síbẹ̀, á rọra wọlẹ̀, ilẹ̀ á sì bá wa tọ́jú rẹ̀ de ọ̀gbẹlẹ̀. Òkúta pọ̀ jù lápá òkè tí kànga wa wà, nítorí náà mo ní ká gbẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèrègún tó jẹ́ ààlà àwa àti Alhaja elépo.

A ò tíì gbẹ́ ẹ dé ìdajì tí Alhaja fi yọ sí wa, tó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ìyàwó, ṣé kòtò lẹ fẹ́ fi gbé ààlà wọnú oko mi?"

"Omi la fẹ́ dá dúró, Alhaja," ni Màmá dáhùn.

"Omi wo? Èyí tó ń sáré lọ Owena? Ẹ bá mi kí i tó bá dúró o!"

Kó tó lọ, ó ka pèrègún ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka ewúrẹ́ rẹ̀.

Òjò rọ̀, kòtò kún, ilẹ̀ mu ún, mo ń yan fanda. Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, mo ju korobá sínú kànga wa: gbọ̀ọ̀! Ilẹ̀ gbígbẹ. Kànga Alhaja nísàlẹ̀, tó máa ń gbẹ ṣáájú tiwa, ló kún fún omi tó mọ́ gaara. Nínú gbogbo ìwé tí mo kà, kò sọ sí mi lọ́kàn pé omi kì í gun òkè. Mo gbé ṣọ́bìrì, mo ní màá dí kòtò náà pa.

Màmá rẹ́rìn-ín títí dìgbà tójú wọn kan àwọn ọmọ kòkó tó ti ń sorí kọ́. "Ìyàwó mi, tó o bá dí i, ṣé yẹ̀pẹ̀ ni kòkó mi á mu?"

A ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ náà nígbà tí Alhaja dúró láàárín pèrègún, tó na okùn kànga rẹ̀ sí mi.

"Ìyàwó oníkòtò, ẹ wá fa omi yín. Mi ò lè máa mu omi olómi kí kòkó ìyá àgbà máa kú lójú mi." Ó tọ́ka sí ẹsẹ̀ mi. "Ṣùgbọ́n ẹ má tẹ pèrègún mi o!"

Lónìí, Màmá ti lọ sọ́run, àmọ́ wọn ò ta ilẹ̀ náà. Kòkó wọn ti ga jù mí lọ, ó ń so, koríko kò sì tíì hù lójú ọ̀nà tóóró tí ẹsẹ̀ wa là sáàárín pèrègún. Lọ́jọ́ kan láìpẹ́ yìí, Alhaja ń gbẹ́ kòtò tirẹ̀ sí ààlà ìsàlẹ̀. Ọkùnrin tó ni oko ìsàlẹ̀ sáré dé, ó ń pariwo pé wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ òun. Alhaja wò mí, èmi náà wò ó.

"Ìyàwó, ẹ bu omi fún un. Ọ̀fun ẹ̀ á ti gbẹ."

Mo fa omi tútù wá láti inú kànga Alhaja. Ọkùnrin náà mu ún tán, ó nu ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka pèrègún ààlà tirẹ̀.