Òkúta Tó Bọ́ Lórí Ọ̀pá

Kì í ṣe pé Ìyá Pẹ̀lẹ́ bí ọmọ kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òkúta ló máa ń kí ní pẹ̀lẹ́, òun ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Kí ó tó lẹ òkúta iyebíye kankan mọ́ orí ọ̀pá irin kékeré tí yóò dì í mú níwájú ẹ̀rọ, yóò kọ́kọ́ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, yóò wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun, yóò wá rọra sọ̀rọ̀ sí i. Àwọn tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù a máa fi í rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti lò nídìí iṣẹ́ náà, ó sì ti rí i pé ohun tó le ju irin lọ lè fọ́ bí ẹyin bí a bá fi ìkánjú mú un.

Ẹni tó bá rí òrùka lọ́wọ́ ìyàwó a yin àwọn ojú wẹ́wẹ́ tí ń tàn lára òkúta, kò ní béèrè ohun tó di òkúta náà mú nígbà tí wọ́n ń gé e. Gọ́ọ̀mù ni. Bí gọ́ọ̀mù bá yẹ̀, gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ ti di asán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ rí láàárín àwa ènìyàn: kì í hàn, kì í dán, ṣùgbọ́n òun ló ń dì wá mú nígbà tí ayé bá ń yí lábẹ́ wa. Nítorí náà, ọ̀gá tó kọ́ Ìyá Pẹ̀lẹ́ níṣẹ́ fi òfin kan lé e lọ́wọ́ ju gbogbo òfin lọ: bí o bá ti fi sípírítì nu òkúta, ìka kankan kò gbọdọ̀ kàn án mọ́ títí gọ́ọ̀mù yóò fi gbà á. Ọ̀rá ara ènìyàn, bó ti wù kó kéré mọ, ọ̀tá gọ́ọ̀mù ni.

Òkúta tó wà níwájú rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tí à ń sọ yìí kì í ṣe ti oníbàárà. Bàbá rẹ̀, tó fi gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ wa ilẹ̀ fún ẹlòmíràn, ló rí i nínú kòtò, ọ̀gá rẹ̀ sì fi ta á lọ́rẹ. Ogójì ọdún ni màmá Ìyá Pẹ̀lẹ́ fi tọ́jú rẹ̀ sínú agolo pọ́dà láì gé e, aláwọ̀ ewé tó jọ àfọ́kù ìgò lásán. Bàbá kú, agolo kò ṣí. Àfìgbà tí ojú ọ̀tún màmá ṣókùnkùn pátápátá, tí ti òsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e. Dókítà ní àwọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ, kò sì fi irọ́ tù wọ́n nínú. "Abẹ wà lọ́wọ́ wa, Màmá," ó ní, "ìríran wà lọ́wọ́ Ọlọ́run." Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni kí wọ́n mú un wá sí ilé ìwòsàn. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá dé ni wọn yóò fi oògùn sí ojú òsì náà, tí wọn yóò sì dì í, de iṣẹ́ abẹ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Bí wọ́n ti ti ọ̀dọ̀ dókítà délé ni màmá gbé agolo jáde.

"Bàbá yín ní iná wà nínú rẹ̀," ó sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀. "Ogójì ọdún ni mo fi gbà á gbọ́ láì rí i. Bá mi gé e, kí n rí i kí wọ́n tó di ojú yìí."

Ẹ̀gbọ́n Ìyá Pẹ̀lẹ́ ọkùnrin, onígbàjámọ̀ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ rẹ̀ lọ, kò fara mọ́ ọn.

"Òkúta tó jókòó jẹ́jẹ́ láti ogójì ọdún, ìwọ fẹ́ lọ fi ẹ̀rọ yọ ọ́ lẹ́nu. Bó bá wá fọ́ ńkọ́? Kí ohun tí màmá máa rí gbẹ̀yìn wá jẹ́ èérún?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó fọ́ ná kẹ́ ẹ tó sunkún rẹ̀."

"Tó bá fọ́, ìwọ lo máa sọ fún un. Èmi ò sí níbẹ̀ o."

Síbẹ̀, ní ọjọ́ Ajé yẹn, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ pa, ó wá fìdí kalẹ̀ sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ àbúrò rẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ léraléra pé òun ò sí níbẹ̀.

Ìlà kan bí irun orí wà nínú òkúta náà, ibi tó ti lè là sí méjì. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ rí iná, nítorí náà Ìyá Pẹ̀lẹ́ kò lo ìda tí wọ́n ń yọ́ lórí fìtílà. Gọ́ọ̀mù onígò méjì ló lò, èyí tí wọ́n ń pò pọ̀, tó sì ń gba ọjọ́ kan gbáko kó tó le. Ó lẹ ọ̀pá mọ́ òkè òkúta, ó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ gé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì mú un dán. Nígbà tí ọ̀sán Sátidé rọ̀, ó kù kó lẹ ọ̀pá kejì mọ́ ìsàlẹ̀ tó ti dán yìí, kí ó lè yọ ti àkọ́kọ́, kí ó sì gé òkè. Ó fi sípírítì nù ún. Ìgbà náà gan-an ni màmá fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ táràrà wọlé.

"Ṣé ó ti tán?"

"Ó ku òkè, Màmá."

"Jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ojú mi ò gbé e níbí."

Ta ni yóò sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó má fọwọ́ kan òkúta ọkọ rẹ̀? Màmá fi àtàǹpàkò ra á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dán bí orí bàbá wọn. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Nínú ẹ̀rín yẹn ló po gọ́ọ̀mù, tó sì lẹ ọ̀pá kejì mọ́ ọn. Kò tún un nù. Ọjọ́ Ìsinmi kọjá, kò fọwọ́ kan iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ láti ìgbà èwe. Gọ́ọ̀mù sì ń le ní tirẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó fi abẹ tínrín gé ọ̀pá àkọ́kọ́ kúrò, ó sì tan ẹ̀rọ.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí, etí ló fi ń ṣe é ju ojú lọ. Òkúta tó dúró dáadáa lórí ọ̀pá a máa kùn bí oyin. Ó ti gé ojú mẹ́rin lára òkè, aago mọ́kànlá sì ti kọjá díẹ̀, nígbà tí kíkùn náà yí padà, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ẹni tó ń kọrin bá gbé itọ́ mì. Ó na ọwọ́ láti pa ẹ̀rọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì débẹ̀ nígbà tí òkúta fò.

Ó dún táì lára páànù ògiri. Lẹ́yìn náà, wọn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

"Ẹ má gbé ẹsẹ̀," Ìyá Pẹ̀lẹ́ wí.

"Mi ò gbé e."

"Ẹ ti fẹ́ gbé e."

Ó wọlẹ̀ lórí eékún, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí obìnrin tó tan fìtílà tó ń gbálé nítorí ẹyọ fàdákà kan. Ó wo abẹ́ ẹ̀rọ, ó wo inú garawa omi, ó tú àkísà tó wà ní kọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá, lẹ́yìn náà ogún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró bí òpó, ó ń fi ojú nìkan wá a.

"Irun ni èmi máa ń gbá," ó ní. "Irun kì í sá fúnni báyìí."

Àbúrò rẹ̀ ń tú àkísà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó yá, ohùn ọkùnrin náà tún jáde, ó ti kéré.

"Àbúrò. Wo ibi tí mo ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi sí."

Ibẹ̀ ló wà. Ìyá Pẹ̀lẹ́ fi ẹ̀mú gbé e jáde, ó gbé e sábẹ́ awò kékeré tó ń sọ abẹ́rẹ́ di ọ̀pá. Etí rẹ̀ kan ti ṣán, bí ibi tí eku gé jẹ. Ó wá ìlà bí irun yẹn, ó rí i, ó wò ó títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìlà náà kò rìn. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọ̀pá irin wò. Gọ́ọ̀mù wà lórí rẹ̀ ní odindi, ó le koko, inú rẹ̀ sì tẹ́jú bí dígí, àfi ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ẹ̀gbẹ́ yẹn, àwọn ìlà àtàǹpàkò màmá wà níbẹ̀ kedere, bí ìgbà tí ènìyàn tẹ̀ka sí ìwé.

"Kí ló fà á?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè.

"Èmi ni. Mi ò tún un nù."

Ó fi ọ̀bẹ ha gọ́ọ̀mù náà kúrò kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó sún mọ́ ibẹ̀.

"Aago méjìlá ti lù," ọkùnrin náà wí. "Gọ́ọ̀mù kíákíá yẹn ńkọ́? Wọ́n ní ìkánjú òun pẹ̀lẹ́, ọgbọọgba ni."

"Ó ń yára gbà, ó sì ń yára kọ̀. Ojú mẹ́rìnlélógún ló kù lókè, kò lè gbé gbogbo rẹ̀."

"Àwa náà ò ní wákàtí tó lè gbé e."

Ìyá Pẹ̀lẹ́ ki ọwọ́ méjèèjì sáàárín eékún, ó sì tẹ orí ba. Kò gbàdúrà gígùn. "Olúwa, Ìwọ lo dá ìmọ́lẹ̀ kí O tó dá ojú. Fi ibi tí yóò gbà wọlé hàn mí." Nígbà tó gbé orí sókè, ó ti mọ ohun tí yóò ṣe. Kò ní gé ojú mẹ́rìnlélógún. Ọ̀kan ṣoṣo ni yóò gé, ojú gbàràmù tó wà láàárín òkè, tó dà bí fèrèsé. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ló ń gbà padà. Ìyókù lè dúró de ọjọ́ mìíràn.

Ó fi sípírítì nu òkúta lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sì jẹ́ kí nǹkan kan kàn án ju ẹnu ẹ̀mú lọ. Ó fi orí abẹ́rẹ́ kán gọ́ọ̀mù kíákíá sí i lójú mẹ́ta, ó gbé ọ̀pá lé e, ó ń ka iye èémí rẹ̀ dé ọgọ́rùn-ún. Ó tan ẹ̀rọ, ó sì dín eré rẹ̀ kù kó máa yí bí ẹni ń sùn.

"Ẹ bá mi máa kán omi sí i. Ẹ má dá a dúró, ẹ má sì sọ̀rọ̀."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, onígbàjámọ̀ dákẹ́ fún odindi wákàtí méjì. Òkúta ń kùn. Ìgbà mẹ́ta ni Ìyá Pẹ̀lẹ́ rò pé kíkùn náà ti yí, ìgbà mẹ́ta ló gbé òkúta sókè tó sì rí i pé ẹ̀rù ló ń dún létí òun. Nígbà tí aago méjì ààbọ̀ lù, ojú náà ti tẹ́, ó sì dán. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ṣì wà ní ìdí rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí gọ́ọ̀mù bá sì wà lára ìsàlẹ̀ òkúta, òkú ni inú rẹ̀ yóò jọ, kò ní tàn.

"Fà á yọ, ká máa lọ," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Tí mo bá fà á, á ṣán."

Ó da omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ sínú ìgò kan, ó sọ òkúta sínú rẹ̀ tọ̀pátọ̀pá, ó dé e. Omi yẹn a máa yọ́ gọ́ọ̀mù kíákíá, bó bá wù ú. Nígbà mìíràn ó gba ìdajì wákàtí, nígbà mìíràn ó gba ilẹ̀ ṣú. Wọ́n gbé màmá sínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n ń wakọ̀, Ìyá Pẹ̀lẹ́ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìgò láàárín eékún.

"Kí ló ń rùn báyìí?" màmá béèrè.

"Òkúta yín ni, Màmá. Ó ń wẹ̀."

"Ó pẹ́ ní balùwẹ̀ ju ìwọ lọ."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, wọ́n fi màmá jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ìyá Pẹ̀lẹ́ gbé ìgò sókè: òkúta ṣì lẹ̀ mọ́ ọ̀pá. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan yọ, ó gbé àwo òwú àti báńdéèjì dání.

"Màmá, ó ti yá o. Ẹ jẹ́ ká di ojú yẹn."

Onígbàjámọ̀ dìde, ó dúró sí agbedeméjì wọn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Ta ló gẹ irun yìí fún yín?"

"Irun mi?"

"Ẹ yí ẹ̀yìn padà, ẹ jẹ́ kí n rí i. Áà. Kí lẹ fi ṣe ẹni náà?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Èmi náà wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kan ga ju ìkejì lọ."

Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ sí orí, kò mọ̀ pé òun gbé e. Ìyá Pẹ̀lẹ́ di ọ̀pá mú lẹ́nu ìgò. Gbogbo iṣan ọwọ́ rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fà á. Kò fà á. Ó rọra yí ọ̀pá náà, bí ẹni ń yí ọmọ tó ń sùn padà, ó sì dúró. Nọ́ọ̀sì sún onígbàjámọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé àwo kalẹ̀ sórí àga, ó já òwú. Ìgbà yẹn ni nǹkan dún nínú ìgò, ṣín, bí ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan tó bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan," Ìyá Pẹ̀lẹ́ sọ fún nọ́ọ̀sì. "Ọ̀kan péré. Ẹ wo aago."

Ó yọ òkúta kúrò nínú ìgò, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé e síwájú ojú òsì màmá, ní ibi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé. Màmá tẹ orí síbí, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó ń wá a. Fún ìgbà díẹ̀, kò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, arúgbó náà dúró jẹ́ẹ́. Àmì ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé kan ti bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì ń mì.

"Ó ń rìn," ó ní. "Iná náà ń rìn nínú rẹ̀. Ọkùnrin yẹn ò purọ́ fún mi."

Nọ́ọ̀sì kò wo aago mọ́. Màmá wò ó títí tó fi tó o, ó gba òkúta náà, ó kó ìka rẹ̀ bò ó, ó sì gbé ojú rẹ̀ sókè.

"Ó yá, ọmọ mi," ó sọ fún nọ́ọ̀sì. "Máa dì í."