Ìgbà Tí Bàbá Oorun Fẹ̀yìn Tì

Òórùn tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn tíátà ilé ìwòsàn ìjọba kan fún mi ní Iléṣà kì í ṣe òórùn oògùn rárá. Òórùn yàrá tí wọ́n ti pa tì ni: eruku, aṣọ tó ti gba ọ̀rinrin, àti rọ́bà tó ń gbó lọ. Bí o bá ti wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí, wàá mọ̀ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Tíátà tó ń ṣiṣẹ́ a máa rùn fún sípírítì àti oògùn apakòkòrò débi pé imú á máa ta ènìyàn. Ibùsùn tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ wà láàárín, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Iná ńlá tó wà lókè rẹ̀ kò bàjẹ́. Mátíróònù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀, tàn án kí n lè rí i, ó sì mọ́lẹ̀ yòò. Jẹnẹrétọ̀ wà, epo wà nínú rẹ̀. Dókítà oníṣẹ́ abẹ wà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dúró lẹ́yìn wa, tó káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó wá wo ilé tó fẹ́ háyà. Gbogbo nǹkan ló pé, àfi ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹni náà ni àwọn ará ilé ìwòsàn ń pè ní Bàbá Oorun. Nọ́ọ̀sì ni, ṣùgbọ́n ó ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ oorun kí dókítà tó fi abẹ kàn án, àti bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ èémí onítọ̀hún títí yóò fi jí. Níbi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá sí, dókítà kò lè la ikùn ẹnikẹ́ni. Ọmọ Òṣogbo ni bàbá náà, láti agbo ilé Mùsùlùmí àtijọ́ kan. Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo níbẹ̀ ló ń gbé, ó sì ti ń jí lọ sí Iléṣà láàárọ̀, tó ń padà nírọ̀lẹ́, láti ìgbà tí èmi ṣì wà nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ pé, ìjọba ní kó máa lọ sílé. Wọ́n ṣàdúrà fún un, wọ́n fún un ní aago ògiri, ó sì lọ. Ìgbà náà ni ojú gbogbo ènìyàn tó là pé kò sí ẹlòmíràn.

N kò tíì pẹ́ nígbà náà ní ọ́fíìsì wa ní Òṣogbo, níbi tí a ti ń pín òṣìṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Wọ́n rán mi lọ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ohun tí mo ń rò nínú mọ́tò bí mo ti ń padà bọ̀ ni pé ikú ló máa ń bá ènìyàn lójijì, ìfẹ̀yìntì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba bàbá yẹn síṣẹ́ ni ìjọba ti mọ ọdún tí yóò lọ. Ojú gbogbo wa ni irun rẹ̀ ṣe ń funfun. Ó jọ pé ṣe la rò pé irun yóò kàn máa funfun lọ bẹ́ẹ̀ ni.

Kí n tó kúrò ní Iléṣà lọ́jọ́ náà, mo rí ìyá àgbàlagbà kan lórí bẹ́ǹṣì níwájú wọ́ọ̀dù àwọn aboyún. Mátíróònù ṣàlàyé fún mi pé ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́, ni wọ́n gbé wá lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ó ń rọbí, ọmọ sì dábùú sínú rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè gbà á, wọ́n bá ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Wọn kò tètè rí mọ́tò, ọ̀nà kò dára. Ìyá yè é, ọmọ kò yè. Wọ́n ti wá dá obìnrin náà padà sí Iléṣà kó lè máa gba ìtọ́jú nítòsí ilé. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá tó jókòó náà. Èdè Ìjẹ̀ṣà ló fi dá mi lóhùn, kò sì bínú rárá. Ó kàn béèrè bóyá èmi ni ẹni tuntun tí wọ́n ní ó ń bọ̀ wá máa fún wọn lábẹ́rẹ́. Mo ní èmi kọ́, mà.

Ó ní, "Ó dáa. Bá mi sọ fún un pé kó yára."

Ọ̀gá wa ní Òṣogbo, obìnrin kan tí kì í pariwo, gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì. Ìjọba kò gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ lásìkò náà. Àwọn tó kọ́ irú iṣẹ́ yẹn kò sì pọ̀. Èyí tí kò bá sí nílùú òyìnbó nínú wọn, ilé ìwòsàn aládàáni ló wà. Ó ní, "Lọ bá mi bẹ bàbá yẹn. Sọ fún wọn pé kọ́ńtíráàtì ni, kí wọ́n bá wa dì í mú ná."

Mo bá bàbá náà nínú ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ ní Òkè Baálẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì. Òwú, bọ́tìnnì àti sípù ni ìyàwó náà ń tà fún àwọn télọ̀. Bàbá jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa sípù, ó ń kó aláwọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Ọwọ́ rẹ̀ kò yára, kò sì gbọ̀n. Mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ó gbọ́ ọ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ta ni wọ́n ti fi sípò mi?"

"Kò tíì sí, bàbá."

"Ta ni wọ́n rán lọ kọ́ ọ?"

"Kò tíì sí."

Ó mi orí. "Bí mo bá padà, ọmọ mi, ọkàn yín á balẹ̀. Bí ọkàn yín bá sì ti balẹ̀, ẹ ò ní rán ẹnikẹ́ni. Èmi á wà níbẹ̀ títí n ó fi ṣubú lé aláìsàn lórí."

Ìyàwó rẹ̀ kò gbé ojú sókè kúrò nídìí òwú tó ń tú. Ó ní, "Orúnkún ń dùn wọ́n. Wọ́n ti ṣe tiwọn."

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ tí ọmọ rẹ̀ kú yẹn bọ́ lẹ́nu mi lẹ́yìn èyí. N kò fi halẹ̀, n kò sì fi bẹ̀bẹ̀. Ó kàn ń wù mí kí n sọ ọ́ fún ẹni tí yóò yé. Ọwọ́ bàbá dúró lórí sípù. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ọmọ tó kú náà ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Mo ní n kò béèrè. Ó ti àwọn sípù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Sọ fún ọ̀gá rẹ pé mo ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ènìyàn bá wọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí ni èmi náà á wọ tíátà. Kì í ṣe ẹyọ ẹnì kan o. Méjì."

Mo ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí le."

"Ó le," ó ní. "Ó le fún mi ju bó ṣe le fún ẹ lọ."

Mo rò ó nígbà náà, mo sì tún ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà yẹn, bóyá ó tọ̀nà. Obìnrin kò ní dúró dè wá kó tó rọbí. Àwọn kan wà tí wọ́n gbé gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá láàárín ìgbà tí à ń jiyàn, n kò sì mọ bí ọ̀rọ̀ gbogbo wọn ṣe yọrí. Síbẹ̀, n kò rí ohun mìíràn tí ì bá mú ọ́fíìsì wa dìde lórí àga.

Ọ̀gá wa kọ́kọ́ takò ó. Ó ní ẹni tí a bá rán lọ kọ́ṣẹ́, tó bá ti kọ́ ọ tán, pápákọ̀ òfuurufú ló ń lọ. Irọ́ kọ́ ló pa. Lẹ́yìn náà, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn títí wọ́n fi gbà fún un. Ó wá ku mátíróònù ní Iléṣà, tí nọ́ọ̀sì kò tó nínú wọ́ọ̀dù rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí a sì tún fẹ́ mú méjì kúrò níbẹ̀. Ọ̀kan tí ó kọ́kọ́ fún wa ni èyí tí kì í tètè débi iṣẹ́, tí gbogbo wọn ń wá ọ̀nà àtilé kúrò lọ́dọ̀ wọn. Bàbá gbọ́ ọ lẹ́nu mi nínú ṣọ́ọ̀bù, ó sì gba fóònù lọ́wọ́ mi láti bá mátíróònù sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mátíróònù, ẹni tí ẹ ò fẹ́ kó lọ gan-an ni kí ẹ fún mi."

Mátíróònù bá dárúkọ méjì. Ọ̀kan nínú wọn ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nínú yàrá ìgbẹ̀bí.

Mo wà ní Iléṣà ní àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn méjì náà wọ ilé ẹ̀kọ́, tí bàbá sì padà. Wọ́n ti fọ tíátà, wọ́n sì ti ṣí fèrèsé sílẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni lọ títí. Ó fọwọ́ kan àwọn agolo atẹ́gùn tí aláìsàn fi ń mí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yọ rọ́bà tó ti gbó dànù, ó ní kí wọ́n lọ mú òmíràn wá. Ìyá kan tó ti ń rọbí láti àná ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọlé. Bàbá tẹ̀ síwájú, ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sétí, n kò gbọ́ ohun tó sọ. Nígbà tó yá, mo gbọ́ igbe ọmọ láti ojú fèrèsé níbi tí mo dúró sí. Mo bá lọ wá mọ́tò Òṣogbo.

Ìyà jẹ àwọn tó kù ní wọ́ọ̀dù ní gbogbo ìgbà tí àwọn méjì yẹn fi wà nílé ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ òwúrọ̀ a tún máa ṣe ti ọ̀sán lé e. Bí mo bá lọ síbẹ̀, ìkíni wọn kì í gbóná. Ọ̀kan wí fún mi lójú pé, "Ẹ̀yin lẹ kó wọn lọ, ẹ wá bá wa gbé ibùsùn yìí." Mo gbé ibùsùn.

Àwọn méjèèjì kọ́ ọ tán, wọ́n sì padà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ọ̀kan, ọwọ́ ọ̀tún mátíróònù, wá dágbére fún wa pé òun ń lọ sílùú òyìnbó. A ṣàdúrà fún un. Ọ̀gá wa kò sọ pé òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó kàn ní kí n tètè wá ẹlòmíràn tí a ó rán lọ kọ́ṣẹ́ náà. Èkejì kò lọ. Ó fẹ́ ọkọ sí Iléṣà, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ rẹ̀, òun ló sì ń fún wọn lábẹ́rẹ́ oorun títí di òní. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, bàbá ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó tún yá, bàbá kò wá mọ́. Iṣẹ́ kò dúró, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ ṣàkíyèsí pé kò sí níbẹ̀, n kò sì rò pé ọ̀nà mìíràn wà tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ fún òṣìṣẹ́ láti gbà kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Mo ti wá gba ipò ọ̀gá wa lónìí. Bí mo bá dé ilé ìwòsàn kan, àwọn àyè iṣẹ́ tó ṣófo ni wọ́n máa ń kà fún mi, mo sì máa ń gbọ́ wọn tán. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rọ̀ bàbá yẹn kọ́ mi ni pé àyè kì í ṣófo lọ́jọ́ tí ẹni tó wà níbẹ̀ bá lọ. Ó ti ń ṣófo láti ìgbà tó ṣì wà níbẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, tí ọkàn gbogbo wa sì balẹ̀. Nítorí náà, tí wọ́n bá ti ka ti àwọn tó lọ tán fún mi, mo máa ń ní kí wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kí n bi wọ́n pé ta ló ń kọ́ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.