Sárì Pupa tí Mo Rà ní Plumstead

Obìnrin ará Íńdíà kan wà tí a jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Woolwich, ní London, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ọ̀rẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Fún oṣù mẹ́fà gbáko, aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin nìkan ni à ń gbọ́. Bí a bá ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ni. Bí a bá ń fún bàbá arúgbó lóògùn, aṣọ ni. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń fi í ránṣẹ́ láti Íńdíà. Ó ní àwọn tó ń taṣọ ní Plumstead nítòsí wa, pàǹtí lásán ni wọ́n ń tà. Nígbà tó pè mí síbi ìgbéyàwó náà, mo ní kó má ṣèyọnu láti ṣàlàyé ohunkóhun fún mi. Èmi tí mo wo fíìmù Íńdíà ní Lagos títí tí mo fi ń kọ orin wọn láìmọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ṣé èmi ni wọ́n fẹ́ kọ́ láṣà Íńdíà?

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wà lọ́dọ̀ wa ní Glyndon Estate. Alhaja ni, ó ń taṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ti dé Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà kò sí ohun tí ojú rẹ̀ kò tíì rí. Láti ọjọ́ tó ti dé ló ti ń béèrè ìgbà tí a óò lọ wo ilé ọbabìnrin. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó, mo gbàyè lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀nà ilé ọbabìnrin jìn, ẹsẹ̀ sì ń dùn mí, ni mo bá sọ fún un pé àdúgbò tiwa ni àwọn tó mọ London dáadáa ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Irọ́ ni.

Bọ́ọ̀sì gbé wa lọ sí Thamesmead. Mo fi adágún omi hàn án, mo fi pẹ́pẹ́yẹ funfun ọlọ́rùn gígùn hàn án, mo wá nawọ́ sí àwọn ilé gíga onísímẹ́ńtì bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ wọn.

Alhaja wò ó títí. "Ìyàwó, ìgbà wo ni wọ́n máa kùn ún?"

"Bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn, Mummy."

"Ẹni tó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ṣé inú rẹ̀ ló ń gbé?"

Mo mú un padà sí Woolwich, a wọ ọkọ̀ ojú omi ọ̀fẹ́ tó ń gbé ènìyàn àti mọ́tò sọdá odò. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀ nígbà tó gbọ́ pé wọn kì í gbowó. A dé òdìkejì, ó béèrè ohun tí a wá wò. Mo ní kò sí nǹkan kan, a ó tún padà ni.

"A wọkọ̀ wá wo kò-sí-nǹkan," ni ó wí, ó fa ìborùn rẹ̀ bo etí nítorí afẹ́fẹ́. "O káre, ìyàwó."

Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, a ti wà ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní Plumstead. Ìyá arúgbó kan jókòó sí kọ̀rọ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń tajà. Mo rí sárì pupa kan, aṣọ gígùn tí obìnrin Íńdíà máa ń ró mọ́ra, tí wọ́n fi òwú góòlù ṣiṣẹ́ sí létí yíká, ọkàn mi sì fò lọ bá a. Ọmọbìnrin náà béèrè lọ́wọ́ mi bóyá èmi ni ìyàwó. Inú mi dùn! Mo rò pé ó ń sọ pé ojú mi ṣì tutù ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọmọ mẹ́ta ni mo ti bí.

Ìyá arúgbó yẹn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Alhaja kò gbọ́ ọ dáadáa, síbẹ̀ àwọn méjèèjì ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Alhaja fi ìka méjì ra etí sárì náà, ó yíjú sí mi.

"Aṣọ gidi ni. Ṣùgbọ́n ìyá yìí ní ti ìyàwó ni. Ìyàwó nìkan."

"Báwo lẹ ṣe gbọ́ èdè rẹ̀?"

"Ó nawọ́ sí aṣọ, ó ṣe bí ẹni tó bojú, ó wò ọ́, ó mirí. Èdè wo ló tún kù?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbádùn ara mi, gbogbo ènìyàn ló ń wọ pupa nínú fíìmù. Wọ́n dì í fún mi. Alhaja ra aṣọ aláwọ̀ ewé kan tí kò pariwo.

Láti ibẹ̀ a yà sílé ọ̀rẹ́ mi, nítorí ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni àwọn obìnrin ń lé làálì fún ìyàwó. Alhaja mọ ọ̀rọ̀ làálì. Kí n tó bọ́ bàtà tán, ó ti wà láàárín àwọn ìyá àgbà, ó ti na ọwọ́ kan fún wọn. Ìyàwó jókòó lórí àga, làálì tutù lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fajú ro. Woolwich ni wọ́n bí i sí, ohùn Woolwich ló sì fi ń sọ̀rọ̀. Aṣọ tó ti Íńdíà wá wà lórí hángà lára ògiri, gbogbo àlejò ni ọ̀rẹ́ mi ń fà lọ síbẹ̀ bí ẹni ń mú ènìyàn lọ kí ọba. Èmi náà lọ kí i. Ká sòótọ́, ó wúwo, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí tòmátì tó ti ń bàjẹ́. Mo ní ó dára púpọ̀.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n dákẹ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan béèrè ohun tó wà nínú láílọ́ọ̀nù mi, ni mo bá fa sárì mi yọ, mo tẹ́ ẹ sórí itan.

Ẹ̀rín kú mọ́ àwọn ìyá àgbà lẹ́nu. Mo wo Alhaja. Alhaja ń wo làálì ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Ìyàwó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mummy, wò ó! Irú eléyìí ni mo ní ká rà. Auntie, Plumstead níbí lẹ ti rà á, àbí?"

Mo fẹ́ purọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ṣọ́ọ̀bù wà lára láílọ́ọ̀nù náà gàdàgbà.

"Pàǹtí ni!" ni ọ̀rẹ́ mi pariwo.

"Èyí tó wà lára ògiri yẹn ni pàǹtí," ni ọmọ rẹ̀ dá a lóhùn. "Bí ẹni tó wọ kọ́tìnì ni mo rí nínú rẹ̀!"

Ni ẹkún bá bẹ̀rẹ̀. Ìyá ń sọ èdè wọn, ọmọ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, làálì ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì. Èmi tí mo wá kí wọn kú oríire, mo ti da ilé rú kí wọ́n tó gbé tíì fún mi.

Alhaja ló bọ́ sáàárín wọn. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tí kò ní làálì gba sárì lórí itan mi láìtọrọ ààyè, ó gbé e lé èjìká ìyàwó, ó wá kọjú sí ọ̀rẹ́ mi, ó bá a sọ Yorùbá pọ́ńbélé: "Ìyá ìyàwó, ta ni yóò wọ̀ ọ́? Ìwọ ni àbí òun?"

Ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù tẹ̀lé e. Ọ̀rẹ́ mi jókòó, ó dọwọ́ bojú. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n lọ gbé bùláòsì tí ìyàwó máa wọ̀ sábẹ́ aṣọ wá, kí àwọn wò ó bóyá àwọ̀ rẹ̀ á bá a mu. Ó bá a mu.

Mo ní ẹ̀bùn ìgbéyàwó mi ni. Kí ni mo tún lè sọ? N kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ró o.

Lọ́jọ́ kejì, ìró àti bùbá tí mo fi ń ṣọdún ni mo wọ̀ lọ. Ìyàwó wọlé, gbogbo gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀. Ó lẹ́wà, n kò lè parọ́. Obìnrin kan lára ẹbí ọkọ tẹ̀ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì wa, ó béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi ibi tó ti rí irú aṣọ bẹ́ẹ̀.

"Àbúrò mi ló fi í ránṣẹ́ láti ilé," ni ó wí, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Ìgbà náà ló rí mi. Ìrẹsì kún ẹnu mi, mo kàn forí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Alhaja fọwọ́ gún mi níhà, ó béèrè ohun tí wọ́n sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó mu omi díẹ̀, ó rọra gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀.

"Bí èmi náà ṣe ń sọ fún àwọn oníbàárà mi nìyẹn," ni ó wí.

Nígbà tí ọkọ fẹ́ mú ìyàwó lọ, ẹkún ni gbogbo wọn ń sun, ìyá, ọmọ, àti àwọn àǹtí tí mo rí tí wọ́n ń jó ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn. Ìyàwó dì mọ́ mi, góòlù ọrùn rẹ̀ họ mí lágbọ̀n. "Auntie, ẹ ṣé," ni mo rò pé ó wí. Ẹkún kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa. Ọ̀rẹ́ mi dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fi etí sárì pupa náà nu imú ọmọ rẹ̀.