Ta ló gbé ohùn ìyá mi sínú orin ráàpù?

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ara ń fu mí.

Àbúrò ọkọ mi tó ń ráàpù, tó ń dá gbé orin ẹ̀ jáde láìsí iléeṣẹ́ kankan lẹ́yìn ẹ̀, gbé tuntun jáde láàárọ̀ yìí. Mi ò lè pe orúkọ ẹ̀, ọmọ ilé ọkọ ni. Agùntáṣọọ́lò ni mo sọ ọ́, orúkọ yẹn náà ló sì fi ń kọrin káàkiri Dallas.

Mò ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Plano, ni mo bá tan orin náà. Ohùn ìyá àgbà kan ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà wúkọ́, ó ní, "Àjọkẹ́ ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?"

Àjọkẹ́ ni oríkì mi. Ìyá mi nìkan ló máa ń pè mí bẹ́ẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n sì wà. Wọn kì í fẹ́ gbọ́ ráàpù sétí.

Mo débi iṣẹ́, mo pe Agùntáṣọọ́lò.

"Ìyàwó wa, mo kàn rí ohùn yẹn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni."

Ó dáa. Mo pe ìyá mi.

"Màámi, ṣé àbúrò ọkọ mi pè yín lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?"

"Èmi kẹ̀? Mi ò mọ nǹkan kan nípa orin o."

Ta ló dárúkọ orin?

Ni wọ́n bá wúkọ́. Ikọ́ inú orin yẹn gan-an ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, nínú àwọn méjèèjì yìí, ta ni kí n kọ́kọ́ mú?