Dìde, Kà Á Sókè

Bí àṣìṣe bá yọ lójú kọ̀ǹpútà mi, ohùn àǹtí tó kọ́ mi níṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìlá ni mo máa ń gbọ́: "Dìde, kà á sókè!" Bí wọ́n ṣe ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì ni àǹtí ṣe ń mú àwa ọmọ iṣẹ́ kà á, lórí ìdúró, láìfo ọ̀rọ̀ kan.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ náà, kọ̀ǹpútà mi ti gbó. Ètò ìyàwòrán tí mo fẹ́ fi wá iṣẹ́ kò gbà láti wọ inú rẹ̀, mi ò sì ní òmíràn. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi tó wá ṣọdún láti Èkó yà kí wa níbi iṣẹ́, ó wo kọ̀ǹpútà náà, ó rẹ́rìn-ín: "O ò tíì sin òkú yìí?"

Àǹtí dá a lóhùn: "Ẹni tó kú là ń sin. Àwọn tó kọ ètò yìí fi kóòdù rẹ̀, àwọn àṣẹ tí wọ́n fi kọ ọ́, sílẹ̀ fún gbogbo ayé. A ó fúnra wa kọ́ ọ bí ẹni kọ́lé, kó bá ẹ̀rọ yìí mu."

A bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe yọ. Mo dìde, mo ń kà á, ojú ń tì mí níwájú ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbà tí mo kà á tán ni mo tó gbọ́ ohun tó ń sọ: ètò kékeré kan ló ń béèrè, a ò tíì fún un. A fún un. Ètò ìyàwòrán náà ṣí.

"Jókòó," ni àǹtí wí. "Ó kan ẹlòmíràn."

Orí òkú yẹn ni mo ti ń kọ èyí.