Ìlà Tí Ìyá Mi Tò Sí

Bàbá mi, Adégbénga Ọbayẹmí, kì í pariwo. Nínú òṣèlú Isuada, àléébù ńlá nìyẹn. Ó ṣe kánsẹ́lọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, inú ilé kan náà tó ń gbé tẹ́lẹ̀ ló sì padà sí, tí páànù rẹ̀ ń jò. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Á kàn rẹ́rìn-ín, á tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa.

Ọmọ Ijagba ni Agatha, ìyá mi. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ ẹ, òbí rẹ̀ méjèèjì ti kú, ó wá ku àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Christopher, ọmọ ọdún méje. Ìyá mi ní òun ò ní fi í sílẹ̀. Bàbá mi ní ta ló ní kó fi í sílẹ̀. Ó tọ́ ọmọ náà, ó rán an níléèwé dé Pólì, ó tún fà á wọ ẹgbẹ́ òṣèlú. "Bọ̀ọ̀dá mi" ni Christopher ń pè é.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, bàbá mi fẹ́ ṣe kánsẹ́lọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Christopher ní òun náà fẹ́ ẹ. Inú bí mi gan-an. Àwọn kan ní kí bàbá mi máa pè é ní àlejò láti Ijagba.

"Àlejò wo?" ni bàbá mi wí. "Ọmọ tó dàgbà nínú ilé mi?"

Ọ̀rọ̀ tó lè fi wọlé nìyẹn, ó sì gbé e jù nù.

Ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ wa ò ní bébà. Ẹni tó o bá fẹ́, ẹ̀yìn fótò rẹ̀ lo máa tò sí, lójú gbogbo ayé. Ìyá mi dúró díẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò tó wà ní pápá iléèwé. Lẹ́yìn náà ló gba iwájú bàbá mi kọjá, ó lọ tò sẹ́yìn fótò àbúrò rẹ̀. Wọ́n ka orí, Christopher fi èèyàn mọ́kànlélógún ju bàbá mi lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ èmi àti ìyá mi ò kọjá "ẹ káàárọ̀, mà." Kò gbèjà ara rẹ̀ rárá, ìyẹn tún ń bí mi nínú sí i.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn Máàsì, mo ń bá bàbá mi gé èékánná ẹsẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti dárí ji ìyá mi.

"Torí kí ni? Èmi ni mo ní kó tò síbẹ̀."

Abẹ dúró lọ́wọ́ mi.

"Ó ń sunkún láàárọ̀ ọjọ́ náà, Dùnsìn. Ó ní ẹ̀yìn mi lòun máa wà. Mo ní tí kò bá sẹ́nì kankan láti ilé bàbá wọn lẹ́yìn Christopher, ojú ọmọ òrukàn ni wọ́n á máa fi wò ó. Mi ò tọ́ ọ kí wọ́n lè máa wò ó bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tí ìyá mi ò sọ fún mi?"

"Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ. Tí Christopher bá gbọ́ pé èmi ni mo rán ìyá ẹ síbẹ̀, kí ló kù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un?"

Mo gbé abẹ sílẹ̀. Ìyá mi wà lẹ́yìn ilé, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Mo jókòó tì í, mo mú ọ̀bẹ kejì. Ó wò mí títí.

"Ó ti sọ fún ẹ," ló wí.

Ó ti ẹ̀gẹ́ díẹ̀ sọ́dọ̀ mi.